Bí ẹja ṣe ń dé odò tí kì í ṣe tirẹ̀

Ẹja inú omi tí kò níyọ̀ kì í rìn lórí ilẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò sì lè la òkun já. Ìdí nìyí tí irú ẹja kan fi lè wà nínú odò kan fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láìdé odò mìíràn tó wà lẹ́yìn òkè. Bí irú ẹja bẹ́ẹ̀ bá wá yọjú sí odò àjèjì, ọwọ́ ènìyàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Ẹja Nile perch ti wà nínú odò Náílì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gòkè dé Adágún Victoria, nítorí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Murchison ní Ùgáńdà dí i lọ́nà. Níbẹ̀, gbogbo odò náà ń há gba àárín àpáta tí kò fẹ̀ ju nǹkan bí mítà 7 lọ, ó sì ń já wálẹ̀ láti ibi tó ga tó nǹkan bí mítà 40. Ní àwọn ọdún 1950 ni àwọn ènìyàn gbé ẹja náà kọjá ibẹ̀, nítorí wọ́n ń fẹ́ ẹja ńlá tí wọn yóò máa pa. Fún bí ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò jọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ó bẹ́ sílẹ̀: àwọ̀n àwọn apẹja ń kún fún un, nígbà tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí kò sí níbòmíràn láyé ń tán lọ. Àwọn onímọ̀ ka irú wọn tó ti pòórá sí nǹkan bí 200, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbin tó ń ṣàn wọ adágún náà dá kún un. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló máa ń tan àwọn aláṣẹ jẹ.

Kì í ṣe gbogbo ẹja tí a dà sódò ló ń ráyè gbé ibẹ̀. Ìbímọ ló sábà máa ń ṣòro. Gambusia, ẹja tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tí wọ́n kó káàkiri ayé kí ó lè máa jẹ tanwíjí, kò ní ìṣòro yìí: ọmọ ààyè ni ó ń bí, abo rẹ̀ sì lè tọ́jú àtọ̀ akọ sínú fún ìgbà pípẹ́, tó fi jẹ́ pé abo kan ṣoṣo tó bọ́ sínú omi lè dá ìran sílẹ̀.

Ti ẹja silver carp yàtọ̀. Láti ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n ti kó o wá sí ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí ó lè máa jẹ àwọn ewéko wínníwínní tó ń sọ omi di aláwọ̀ ewé. Ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹyin rẹ̀ ń fẹ́ omi tó ń ṣàn, nítorí bí ó bá rì sí ìsàlẹ̀ kí ó tó pa, ó sábà máa ń kú ni. Odò Mississippi àti àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ sì gùn dáadáa fún un. Lórí odò Illinois, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, lónìí, bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ti dún, àwọn ẹja náà á máa tọ sókè, wọ́n á sì máa já lu ọkọ̀, nígbà mìíràn lu àyà ẹni tó ń wà á.

Odò yẹn àti Adágún Michigan kò ní í ṣe pẹ̀lú ara wọn tẹ́lẹ̀. Ní 1900 ni ìlú Chicago ṣí odò àfọwọ́gbẹ́ kan tó so wọ́n pọ̀, kí ìdọ̀tí má baà máa ṣàn wọ adágún tí wọ́n ti ń pọn omi mímu. Ọ̀nà tí wọ́n là fún ìdọ̀tí ni ẹja náà lè gbà. Láti 2002 ni wọ́n ti ń fi iná mànàmáná sínú omi ibẹ̀. Ó ń dá ẹja ńlá padà, nítorí bí ara ẹja bá ṣe gùn tó ni iná náà ṣe ń mú un tó. Àwọn ọmọ ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, irin ara ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá sì ń dín agbára rẹ̀ kù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe tún ń bu omi lọ fún àyẹ̀wò, láti wá DNA ẹja náà, ìyẹn èròjà àbùdá tó ń ti ara rẹ̀ bọ́ sínú omi, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí i. Àyẹ̀wò yìí lè sọ pé DNA rẹ̀ wà nínú omi, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ẹja náà fúnra rẹ̀ ló kọjá, tàbí ìgbẹ́ ẹyẹ tó jẹ ẹ́ ló gbé e débẹ̀.