Kí Ló Dé Tí Ọjọ́ Ayẹyẹ Ilẹ̀ Haúsá Kì í Dúró Sójú Kan?

Ìbéèrè: Ní Abuja níbí, a fẹ́ lọ wo ẹṣin ọba ní Kánò tàbí Sàríà nígbà ọdún, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lésìí kọ́ ni wọ́n ń dá fún wa lọ́dún yìí. Kí ló fà á?

Òṣùpá ló ń dá ọjọ́ náà. Ọjọ́ 354 tàbí 355 ni ọdún àwọn Mùsùlùmí, ìyẹn ni pé ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún tí a ń kà níbi iṣẹ́, nítorí náà ọdọọdún ni àjọ̀dún ń tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ní Nàìjíríà, ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ní 2023, ó bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ní 2024, nígbà tó sì di 2025, ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni a ṣe é. Ẹni tó mọ ìṣirò yìí pàápàá kò lè fọwọ́ sọ̀yà, torí pé ojú ni wọ́n fi ń wá oṣù ní alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, Sultan Ṣókótó ló sì ń kéde bóyá wọ́n rí i. Bí wọn kò bá rí i, ààwẹ̀ di 30. Ti Iléyá rọrùn díẹ̀, nítorí pé ọjọ́ kẹwàá tí oṣù tuntun bá ti lé ni, a sì máa ń mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ bíi mẹ́sàn-án ṣáájú. Bí ẹ bá ní láti gba àyè nílé iṣẹ́ kí ẹ tó rìn, Iléyá ni mo máa ní kí ẹ yàn.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba ń wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde, òṣùpá kan náà ló sì ń gbé e kiri.

Ìbéèrè: Ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gun ẹṣin ọ̀hún?

Rárá o. Ní Kánò, Hawan Sallah ni ti ọjọ́ ọdún gan-an, Hawan Daushe tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kejì, Hawan Nassarawa sì ni ti ọjọ́ kẹta, nígbà tí ẹ́míà máa ń gun ẹṣin lọ kí gómìnà. Ìgùn ẹṣin ni ìtumọ̀ «hawan», èmi a sì fẹ́ kí a máa lò ó ju «durbar» tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é lọ, nítorí ọ̀rọ̀ Páṣíà ni durbar, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e ti Íńdíà wá. Àṣà kíkó àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin jọ síwájú ọba ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ni àjọ UNESCO fi ti Kánò sínú àkójọ àṣà tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. Ó dùn mí pé ní ọdún yẹn kan náà àti ní 2025, àwọn ọlọ́pàá fòfin dè é nítorí àríyànjiyàn lórí ipò ẹ́míà. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ọjọ́, ẹ tún bi ará ìlú léèrè bóyá wọn yóò gun ẹṣin lóòótọ́.

Ìbéèrè: Ṣé òṣùpá náà ló ń dá ọjọ́ ayẹyẹ ẹja pípa ní Argungu?

Ti Argungu yàtọ̀, odò ló ni ín. Ìparí oṣù kejì sí oṣù kẹta ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi odò Matan Fada ti fà. Ọdún 1934 ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé, nígbà tí Sultan Ṣókótó wá ṣàbẹ̀wò sí Argungu tó wà ní Kébbì, tí ìjà àtayébáyé láàárín ìlú méjèèjì sì di ohun ìgbàgbé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja nínú odò náà títí ọjọ́ yóò fi pé, Sarkin Ruwa, ìyẹn olórí omi, ló ń ṣọ́ ọ.

Ìbéèrè: Bí a kò bá lè kúrò ní Abuja ńkọ́?

Ẹ jẹun níbí. Nínú oṣù ààwẹ̀, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ máa ń ti ìsọ̀ lọ́sàn-án, àwọn àlejò sì máa ń rò pé ìlú ti kú. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ẹ yọjú sí ẹ̀bá mọ́sálásí ní Nyanya tàbí Garki, ẹ óò rí àkàrà tó ń jáde nínú epo gbígbóná, kúnù nínú ike, èso dàbínù àti ọsàn tí wọ́n ti bó sílẹ̀ fún ìṣínu. Lẹ́yìn ìrun alẹ́ ni súyà máa ń dùn jù lójú tèmi, nítorí ọwọ́ àwọn mallam ti yá, iná sì ti mú dáadáa.

Ní ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀, oúnjẹ tó dára jù kì í ṣe títà. Tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ tọ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi elégédé sè, màsà tí wọ́n fi ìrẹsì dín, àti ẹran àgbò, inú ilé ni wọ́n wà, àwọn aládùúgbò a sì máa bù ú ránṣẹ́ sí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Bí ọmọ tó gbé abọ́ wá bá ní «Barka da Sallah», ẹ dá a lóhùn pé «Barka dai», kí ẹ sì fún un lówó díẹ̀, nítorí goron Sallah, ìyẹn ẹ̀bùn ọdún, ni ọmọ náà ń retí.