Bí Ìtọ́jú Àìsàn Bipolar Ṣe Ń Lọ, Láti Ìsọ̀ Aláṣọ Dé Ilé Ìwòsàn

Ní Iléṣà, tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí ìlú òṣómàáló, bí ìyá aláṣọ kan ní ọjà Atakúnmọ́sà bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, tí kò kọ orúkọ ẹni tó gbà á sílẹ̀, tí kò sì béèrè ìgbà tí wọn yóò sanwó, ohun tí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ti là. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí ó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, tí ó ń ná ilẹ̀ tí kò ní owó rẹ̀, tí àwọn ará ilé sì ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀ ní agogo méjì òru, ọ̀rọ̀ á yí padà, wọ́n á ní ayé ti dá sí i. Ó sì lè jẹ́ pé ní ọdún méjì ṣáájú, obìnrin kan náà yìí ti ìsọ̀ pa fún oṣù kan gbáko, tí kò lè dìde wẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́jú ibà fún un. Kò sí ẹni tí ó so ìgbà méjèèjì pọ̀. Síso wọ́n pọ̀ gan-an ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní bipolar.

Àìsàn ọpọlọ ni. Ó máa ń gbé ènìyàn láti ìgbà ara-yíyá tí ó kọjá ààlà bọ́ sí ìgbà ìrẹ̀wẹ̀sì, àlàáfíà sì lè wà láàárín méjèèjì fún oṣù tàbí ọdún, débi tí ẹni tí kò bá mọ ìtàn onítọ̀hún kò ní gbà pé nǹkan kan ṣe é rí. Ọ̀rọ̀ ẹni tí inú rẹ̀ dùn láàárọ̀ tí ó sì bínú lálẹ́ kọ́ nìyí. Kí dókítà tó lè pe ara-yíyá ní àìsàn, ó gbọ́dọ̀ ti tó nǹkan bí ọjọ́ 7, àyàfi bí ó bá le débi tí wọ́n fi ní láti dá aláìsàn dúró sí ilé ìwòsàn. Èyí tí ó fúyẹ́ lè jẹ́ ọjọ́ 4, ìrẹ̀wẹ̀sì ní tirẹ̀ a sì tó ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn ló ń bá a fínra lágbàáyé ní ọdún 2019. Ìgbà tí ènìyàn ń kúrò ní ọ̀dọ́langba ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò yẹ kó yani lẹ́nu bí ó bá kọ́kọ́ yọjú lára akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú bí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí kíkàwé mọ́jú nígbà ìdánwò ti di àṣà.

Ohun tí kì í jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀ ọ́n ni pé kò sí ẹni tí ń lọ bá dókítà nítorí pé ara rẹ̀ yá. Ìgbà ìrẹ̀wẹ̀sì ni aláìsàn ń wá, ohun tí ó ń ṣe é lọ́jọ́ náà ni yóò sì rò. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan, oògùn náà lè tì í bọ́ sínú ara-yíyá. Ìdí nìyẹn tí dókítà ọpọlọ fi ń fẹ́ kí ìyàwó, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n bá aláìsàn wá, kí ó lè bi wọ́n bóyá ìgbà kan wà rí tí ẹni yìí kò sùn tó, tí kò sì rẹ̀ ẹ́. Kókó ìbéèrè náà wà nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ẹni tí àníyàn kò jẹ́ kó sùn a máa jí pẹ̀lú àárẹ̀. Ẹni tí ara-yíyá gbé dìde ní agogo mẹ́ta òru kò mọ̀ pé oorun kù.

Àìsùn yìí kan náà tún wà lára ohun tí ń ru àìsàn náà sókè. Òru kan ṣoṣo láìfojú kan oorun lè tó láti gbé ara-yíyá dìde fún ẹni tó ti ní in lára. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ta kókó, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ẹbí onígbàgbọ́ ń ṣe ni kí wọ́n mú aláìsàn lọ sí iṣọ́ òru, ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje, pẹ̀lú ààwẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí wọ́n má gbàdúrà. Àmọ́ ó sàn kí àwọn ẹbí máa ṣọ́ òru nítorí aláìsàn, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sì wà lórí ibùsùn. Àlùfáà tí wọ́n bá ṣàlàyé fún dáadáa kì í sábà kọ̀.

Nínú àwọn oògùn àìsàn yìí, lithium ni wọ́n ti ń gbọ́kàn lé tipẹ́. Irú iyọ̀ kan ni, tí wọ́n ń rí nínú òkúta àti nínú omi oníyọ̀. Dókítà ará Australia kan, John Cade, ló kọ ìròyìn jáde ní 1949 pé ó ń mú ara-yíyá rọlẹ̀. Ohun tó yẹ kí aláìsàn mọ̀ nípa rẹ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ kíndìnrín. Kíndìnrín kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín lithium àti iyọ̀ ọbẹ̀. Nígbà tí omi àti iyọ̀ bá tó nínú ara, ó ń jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù bá ìtọ̀ jáde. Nígbà tí ara bá gbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ pamọ́, á sì máa fi lithium pamọ́ mọ́ ọn. Oògùn tí aláìsàn ń lò kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ròkè. Nítorí èyí, ìgbẹ́ gbuuru, èébì, ààwẹ̀ tí kò fàyè gba omi, iṣẹ́ oko nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, àti kí ènìyàn ṣàdédé pa iyọ̀ tì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn ló lè sọ oògùn di májèlé. Oògùn ara ríro irú bí ibuprofen àti diclofenac, tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà bí ẹní ń ta ẹ̀pà, ń ṣe bákan náà. Mùsùlùmí tí ń lo lithium ní láti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù Ramadan tó wọlé, kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí ara bá ń gbọ̀n.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún àyẹ̀wò. Wákàtí 12 lẹ́yìn tí aláìsàn lo oògùn kẹ́yìn ni wọ́n ń gbà á. Ẹni tó lò ó ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ á dé ilé ìwòsàn ní mẹ́sàn-án àárọ̀, kò sì ní lo òmíràn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n lithium tí wọ́n sábà ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ wà láàárín 0.6 sí 1.0 mmol/L, bí ìwé àyẹ̀wò ṣe ń kọ ọ́. Bí ó bá ti ń kọjá 1.5, ewu ti dé: ọwọ́ á máa gbọ̀n débi tí omi inú ife á máa dà nù, ìrìn á dà bí ti ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ á máa wúwo lẹ́nu, èébì á sì tẹ̀ lé e. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún un. Wọ́n tún ń yẹ kíndìnrín àti táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara kan tó wà ní ọrùn, wò ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àwọn oògùn mìíràn wà fún ẹni tí lithium kò bá lára mu. Valproate jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó lè ba ọmọ inú jẹ́, nítorí náà obìnrin tó ṣì ń bímọ gbọ́dọ̀ béèrè dáadáa kí ó tó gbà á. Lẹ́yìn ìbímọ pàápàá, ìṣọ́ra ṣì kù, nítorí àwọn tó ní bipolar wà lára àwọn tí abísínwín máa ń tètè mú.

Oògùn ìbílẹ̀ náà ní tirẹ̀ nínú. Gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn ti ń lò fún wèrè láti ayé àwọn baba wa kì í ṣe ìtànjẹ: èròjà tí ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀, ó ń mú ara balẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tí ń wọn iye rẹ̀ nínú ìgò àgbo, ó sì lè tẹ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń bọ̀ wá bá mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti mu ún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú.

Ní agbègbè yìí, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ń forí lé. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà wà lábẹ́ àkóso kan náà. Yàtọ̀ sí dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì ọpọlọ wà níbẹ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bá ẹbí jókòó sọ̀rọ̀. Fífi ẹbí sínú ìtọ́jú kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá: ní Aró l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Òfin pàápàá ti yí padà, nítorí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin wèrè tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba òyìnbó.

Ìwé ilé-ìwé lásán tó fún ẹ̀kọ́ tí ẹbí ń kọ́. Ìlà kan ni wọ́n ń kọ lójúmọ́ nípa aláìsàn: agogo tí ó sùn, agogo tí ó jí, bóyá ó lo oògùn, bí inú rẹ̀ ṣe rí. Nígbà tí ara bá dá ni wọ́n ń ṣe àdéhùn, nítorí nígbà tí ara-yíyá bá ti dé, kò sí àlàyé tí ń wọlé mọ́. Wọ́n á yan ẹni tí yóò máa mú káàdì báǹkì lọ́wọ́, àti ẹni kan tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fún láṣẹ láti sọ fún un bí àmì àìsàn bá tún ti ń yọjú. Bí ó bá jẹ́ àbúrò ni, kò ní pariwo pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀, á kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òru méjì rèé tí ẹ ò sùn. Ẹ rántí ohun tí ẹ ní kí n sọ." Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn. Bí ó bá jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ló dé, tí aláìsàn sì ń sọ pé ikú sàn fún òun, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń mú un lọ, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Ibi tí àdéhùn ti sábà ń fọ́ ni ìgbà tí aláìsàn bá ní ara òun ti dá, kí ni òun tún ń lo oògùn sí. Dídá lithium dúró lójijì lè mú ara-yíyá padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá máa dá a dúró rárá, díẹ̀díẹ̀ ni, lójú dókítà.

Ìyá aláṣọ yẹn ṣì ní iṣẹ́ kan nílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá kúrò ní ilé ìwòsàn: aṣọ tó wà lọ́wọ́ àwọn tí kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àsìkò yìí ni ìtìjú àti gbèsè máa ń ti ènìyàn bọ́ sínú ìrẹ̀wẹ̀sì, nítorí náà wọn kì í jẹ́ kí ó lọ sin owó náà lóun nìkan. Àbúrò rẹ̀ á mú ìwé dání, wọ́n á jọ máa rántí ẹni tó kó ànkárá àti ẹni tó kó léèsì, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó súnmọ́ wọn jù.