Ta ló ní kí ẹ máa kọ write-all?

Lóṣù yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló ti fi fáìlì workflow ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn fáìlì tó ń sọ iṣẹ́ tí GitHub Actions máa bá wa ṣe fúnra rẹ̀ lórí kóòdù wa. `permissions: write-all`, àṣẹ láti kọ nǹkan síbi gbogbo, ló sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, error ló ń yọ. Nígbà tí mo fi sí i, ó lọ." Fídíò ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹni tó ń kọ́ yín bẹ́ẹ̀ kò tíì bá ẹnikẹ́ni tún repo (àpò tí kóòdù wà lórí GitHub) tó bàjẹ́ ṣe rí.

GITHUB_TOKEN ni kọ́kọ́rọ́ tí GitHub Actions ń gbé fún job kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú workflow. Tẹ́ẹ̀sì (test) tó kàn fẹ́ ka kóòdù, kí ló fẹ́ fi àṣẹ ìkọ̀wé ṣe? Ẹ kọ `contents: read` sábẹ́ `permissions:` lókè fáìlì, kí ẹ wá fún job tó ń gbé release (ẹ̀dà tuntun) jáde nìkan ní `contents: write`. Òótọ́ ni pé láti oṣù Kejì 2023, read ni repo tuntun lórí àkáǹtì ara ẹni àti organization tuntun ń bá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ti wà ṣáájú wà bí wọ́n ṣe wà. Ẹ lọ yẹ tiyín wò.

Èyí tí mi ò lè dákẹ́ lé lórí ni action ẹlòmíì, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ tí ẹ kàn ń pè sínú workflow yín. `@v4` tí ẹ ń kọ sẹ́yìn orúkọ action yẹn, àmì lásán ni, wọ́n lè ṣí i kúrò lórí kóòdù kan lọ sórí òmíràn, ẹ ò sì ní mọ̀. Ní oṣù Kẹta 2025, ohun tí àwọn olè ṣe sí tj-actions/changed-files nìyẹn, action tí repo tó lé ní 23,000 ń lò. Wọ́n darí àwọn àmì rẹ̀ sí kóòdù tiwọn, ó sì ń da àṣírí (password àti kọ́kọ́rọ́) sínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí job ṣe. Níbi tí log ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tó wù ú kà á. Commit SHA, àmì ìdánimọ̀ ẹ̀dà kóòdù kan pàtó, ni kí ẹ so ó mọ́, gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà 40 rẹ̀, ẹ má gé e kúrú.

Ọmọkùnrin kan pè mí ní aago méjì òru. Wọ́n ti jí kọ́kọ́rọ́ AWS rẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí Amazon ń yá ni), owó ń gun lórí àkáǹtì rẹ̀. Ó ní àwọn ará ilé bàbá òun ló ń bá òun jà, wọ́n sì ti ní kí òun gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Àbúrò, kọ́kọ́ pa kọ́kọ́rọ́ yẹn ná." A ṣí fáìlì workflow rẹ̀: `pull_request_target`, tó ń mú workflow ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ repo fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fi pull request (ìbéèrè pé kí a gba àtúnṣe sí kóòdù) ránṣẹ́; ó ń gbé kóòdù àlejò wọlé, ó ń sáré `npm install` lé e lórí, secrets (àwọn àṣírí rẹ̀) sì wà nínú job kan náà. Ẹni tí kò mọ̀ rí ló fi pull request ránṣẹ́, ìlà kan péré ló fi sínú `postinstall`, àṣẹ tí `npm install` ń sáré fúnra rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ 11 la pààrọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.