Ọdún àkọ́kọ́ nọ́ọ̀sì tuntun ní ìwọ̀-oòrùn Kogí

Ọdún àkọ́kọ́ nọ́ọ̀sì tuntun ni sáà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé jáde máa ń lò lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì àgbà kan kí wọ́n tó fi wọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́. Nílùú Ọba, preceptorship ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní èyí tó gùn jù ú lọ, tó máa ń tó ọdún kan, tó sì ní ìpàdé ẹ̀kọ́ lóṣooṣù nínú. Nurse residency ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nílẹ̀ Òkun, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Múrò, Yàgbà Ìlà-Oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn ní ìpínlẹ̀ Kogí, orúkọ méjèèjì kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọ tuntun ni pé, "Máa tẹ̀ lé sístà." Nínú àpilẹ̀kọ yìí, nọ́ọ̀sì amọ̀nà ni a ó máa pe sístà tí wọ́n ní kó tẹ̀ lé.

Orí gbólóhùn kúkúrú yẹn ni gbogbo ètò náà dúró lé. Níbi tí sístà bá wà lóòótọ́, ọmọ náà á mọṣẹ́. Níbi tí wọ́n bá kàn kọ orúkọ sístà sórí rósítà, tí òun fúnra rẹ̀ kò sí nítòsí, ìwé-ẹ̀rí nìkan ló ń bá ọmọ náà wọ ṣíìfù òru.

Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1974, Marlene Kramer, nọ́ọ̀sì àti olùwádìí ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ohun tó ń lé nọ́ọ̀sì kúrò nídìí iṣẹ́. Ó rí i pé ohun tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ náà nílé ìwé àti ohun tí wọ́n bá ní wọ́ọ̀dù kò bára mu, ìjayà tó wà nínú ìyàtọ̀ yẹn sì pọ̀ débi pé àwọn kan kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Reality shock ni ó pè é. Ní 1984, Patricia Benner to ipele márùn-ún tí nọ́ọ̀sì ń gbà kọjá, láti orí ẹni tí kò mọ nǹkan kan títí dé orí àgbà ọ̀jẹ̀ tó máa wo ojú aláìsàn, tí á sì ti mọ̀ pé ara ẹni yẹn fẹ́ yí padà. Ipele kejì ni Benner fi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí. Ó mọ òfin, ó ti rí díẹ̀, ṣùgbọ́n bí nǹkan mẹ́ta bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, kò tíì mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ dì mú.

Láti ibẹ̀ ni àwọn ètò tó lórúkọ ti jáde. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún kan láàárín àwọn ọsibítù yunifásítì ní 2002. Scotland gbé Flying Start tiwọn kalẹ̀ ní 2006. Ní 2010, Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí nọ́ọ̀sì tó bá gbàwé máa gba irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. England tẹ ìlànà gbogbogbò tiwọn jáde ní 2022: oṣù 6 ni ó kéré jù, oṣù 12 ni wọ́n kà sí èyí tó dára jù, nọ́ọ̀sì amọ̀nà sì gbọ́dọ̀ ti lò tó oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ rí mọ̀ pé ọ̀gá kì í fi léèsì oníbàárà lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ti ń di sísọ́ọ̀sì mú. Àkísà ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ gé. Aláìsàn kò ní àkísà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wo ọwọ́ ọmọ náà fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn ju bí ọ̀gá télọ̀ ṣe ń sún mọ́ tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tó wọ iṣẹ́ náà

Nursing and Midwifery Council of Nigeria, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Council lásán, ni òfin 1979 fún láṣẹ lórí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìdánwò àṣejáde àti ìforúkọsílẹ̀. Láìsí láísẹ́ńsì Council, kò sẹ́ni tó lè pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún láísẹ́ńsì náà gbà, ẹni tó bá sì fẹ́ tún un gbà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Nílẹ̀ Òkun, Ẹ̀gbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí. Tommie Titcombe, míṣọ́nnárì ará Kánádà, dé ìlú náà ní 1908. Ní 1952, iléeṣẹ́ míṣọ́nnárì SIM dá ọsibítù sílẹ̀ níbẹ̀, ìjọ ECWA ló sì gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà nínú ọgbà kan náà, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ kì í jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn láti ọdún kìíní. Kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Obangede lápá àárín Kogí, ọ̀pọ̀ ọmọ Òkun sì ń rékọjá sí Kwara, Èkìtì tàbí Ọ̀ṣun lọ kẹ́kọ̀ọ́.

Irú ìwé tí ènìyàn gbà ló ń sọ bí ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò ti rí. Ẹni tó ka digirì ní yunifásítì lo ọdún márùn-ún nílé ìwé. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe ìntánṣíìpù ọdún kan kó tó lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lábẹ́ NYSC. Ọsibítù tí Council fọwọ́ sí ló ti ń ṣe é, wọ́n ń sanwó fún un, ó sì ń yí láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn: wọ́ọ̀dù ọkùnrin, wọ́ọ̀dù obìnrin, yàrá iṣẹ́ abẹ, ibi ìgbẹ̀bí, ibi pàjáwìrì. Ní Kogí, Federal Teaching Hospital tó wà ní Lọ́kọ́jà, tí gbogbo ayé ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ àtijọ́ pè ní FMC (Federal Medical Centre), ni ojú ọ̀pọ̀ ọmọ Òkun máa ń wà lára rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn tó ń wá àyè pọ̀ ju àyè lọ, àwọn mìíràn sì ń jókòó sílé fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n tó rí ibì kan wọlé.

Ẹni tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nọ́ọ̀sì láìní digirì kì í sábà ní irú ọdún bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gba láísẹ́ńsì, ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ní ọsibítù aládàáni tàbí ti míṣọ́n, tàbí ní jẹ́nẹ́rà ọsibítù ìjọba bí irú ti Kàbà àti ti Ìsánlú, bí ìjọba bá ń gbani síṣẹ́. Ibí yìí gan-an ni àlàfo náà wà, ó sì fẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ̀ kan náà, dókítà tó fẹ́ di onímọ̀ ìṣègùn ìdílé ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ́sídẹ́ńsì ọlọ́dún púpọ̀, tó ní ọ̀gá, ìwé àkọsílẹ̀ àti ìdánwò. Nọ́ọ̀sì tí òun àti dókítà náà jọ dúró ti bẹ́ẹ̀dì kan náà kò ní ohun tó jọ ọ́ nínú òfin.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbìyànjú ohun kan tó sún mọ́ ọn. Ní 2009, àjọ tó ń bójú tó ìlera alábọ́ọ́dé bẹ̀rẹ̀ Midwives Service Scheme. Agbẹ̀bí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pète láti fi sí ilé ìlera kọ̀ọ̀kan ní ìgbèríko kí ẹnìkan lè máa wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ilé ìlera 652 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin nínú wọn sì ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí jẹ́nẹ́rà ọsibítù kan, èyí tó jẹ́ ọsibítù 163 lápapọ̀. Àwọn agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó jẹ́ dandan fún wọn láti sin ìgbèríko fún ọdún kan, ni wọ́n kó mọ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àmọ́ tí ara wọn ṣì le. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú ìdàpọ̀ yẹn. Ìyá àgbà tó ti gbẹ̀bí fún ọgbọ̀n ọdún ò nílò ìwé kankan kó tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà yìí ti kọjá bó ṣe yẹ, ọmọ tuntun tó dúró tì í á sì rí ohun tó rí.

Nínú wọ́ọ̀dù

Ohun tí nọ́ọ̀sì amọ̀nà ń kọ́ni kì í sábà jẹ́ ohun tuntun. Ọmọ náà ti kà á, ó ti yege nínú rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni omi dírípù. Dókítà kọ ọ́ pé kí lítà kan wọ ara aláìsàn láàárín wákàtí 8. Okùn dírípù tó wà nílẹ̀ ń ṣe ẹ̀kán 20 fún mílílítà kan. Ẹni tó mọ ìṣirò á sọ pé ẹ̀kán bíi 42 ló gbọ́dọ̀ máa kán ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá wá di aago méjì òru, tí iná ti lọ, tí ọmọ ọlọ́mọ ń ké ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ọmọ tuntun á di wáàṣì mú lọ́wọ́ kan, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kejì, á kà á dé 17, á ṣì í kà. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ kò ní gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Á sọ fún un pé kó ka ìṣẹ́jú-àáyá 15 péré, kó rí i pé ẹ̀kán 10 tàbí 11 ló kán, kó sì padà wá wò ó lẹ́yìn ìdajì wákàtí nítorí pé bí aláìsàn bá ká apá kò, eré omi náà á yí padà.

Gìrì aboyún ni ibi tí àìsí amọ̀nà ti léwu jù. Oògùn rẹ̀ ni magnesium sulphate. Bí ìlànà tó wọ́pọ̀ ṣe wí, gíráàmù 4 ni wọ́n ń fún un díẹ̀díẹ̀ sínú iṣan, wọ́n á sì gún gíráàmù 5 sí ìdí kọ̀ọ̀kan, gíráàmù 14 lápapọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gíráàmù 5 ni wọ́n ń gún ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Kí wọ́n tó gún òmíràn, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wo nǹkan mẹ́ta: kí èémí obìnrin náà tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, kí orúnkún rẹ̀ ta bí wọ́n bá fi òòlù kékeré kàn án, kí ìtọ̀ rẹ̀ sì tó mílílítà 100 láàárín wákàtí mẹ́rin tó kọjá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró. Calcium gluconate, tó jẹ́ ẹ̀rọ̀ oògùn náà, gbọ́dọ̀ ti wà lórí tírè kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n nígbà tí gìrì bá gbé obìnrin náà, tí ọkọ rẹ̀ sì ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ti rí i lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ pé "Ṣe pẹ̀lẹ́, yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, wo èémí rẹ̀", kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo nígbà kejì.

Gbígbà ṣíìfù náà kò kéré. Lówùúrọ̀, ẹni tó sùn sẹ́nu iṣẹ́ á máa mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tuntun sábà máa ń ka gbogbo ohun tó wà nínú káàdì láti òkè délẹ̀. Amọ̀nà á kọ́ ọ láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò pé ó ń ṣe aláìsàn náà, àti ohun tó fẹ́ kí dókítà ṣe. Apá kẹta yẹn ló ń le fún ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ pé kò gbọ́dọ̀ dá èrò tirẹ̀ sọ níwájú àgbà. Kò sí ohun tó ní kó fi ìwà ọmọlúàbí sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ń lọ sókè, ẹ bá mi wá wò ó" ti tó.

Èdè

Èyí tí àwọn tó ti ìlú mìíràn wá kì í retí ni pé Yorùbá tí wọ́n sọ dàgbà lè má tó wọn lò. Ìyàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ní ohùn tiwọn, ìyá àgbà tó wá láti oko á sì fi èdè ilé rẹ̀ ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún. "Òkun" ni ìkíni wọn, láti inú rẹ̀ sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wọn ti jáde. Nọ́ọ̀sì tó bá kí aláìsàn bẹ́ẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án ti rí ìdajì ìtàn àìsàn náà gbà. Àwọn Ẹ̀bìrà àti Fúlàní tó ń gbé àgbègbè náà tún ń wá sí àwọn ọsibítù kan náà, nítorí náà amọ̀nà tó dára máa ń fi ẹni tó lè túmọ̀ hàn ọmọ tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, yálà olùtọ́jú ọgbà ni o tàbí ẹni tó ń ta ońjẹ lẹ́nu géètì.

Gbígba iṣẹ́

Owó oṣù ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ béèrè, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Lẹ́yìn owó, àwọn ìbéèrè kan wà tó ń fi irú ọsibítù hàn kí ènìyàn tó fọwọ́ síwèé. Nọ́ọ̀sì mélòó ló ń wà lórí ṣíìfù òru? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọn yóò fi ka ọmọ tuntun sí àfikún kí wọ́n tó kà á mọ́ iye tó ń ṣiṣẹ́? Ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe? Ibi tí wọ́n bá ti sọ pé ẹnìkan ṣoṣo ló ń wà lóru, tí ẹni yẹn sì lè jẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewu wà níbẹ̀ fún aláìsàn àti fún láísẹ́ńsì ọmọ náà.

Ẹni tó ń gbèrò òkè òkun ní ìṣirò mìíràn láti ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2024, Council gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti lo ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn tó gba láísẹ́ńsì rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún àjọ ilẹ̀ òkèèrè. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ni wọ́n ní yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀. Bí ọdún méjì yẹn bá jẹ́ dandan, ohun tó kàn ni ẹni tí nọ́ọ̀sì náà bá pàdé níbi tó ti ń lò ó. Ní ọsibítù kékeré nílẹ̀ Yàgbà tàbí Ìjùmú, tí nọ́ọ̀sì kò pọ̀ sí, kì í pẹ́ kí ó tó kan òun náà: ẹgbẹ́ tuntun dé láti ilé ìwé, wọ́n wo rósítà òru, orúkọ ẹni tó wọlé léṣìí ni wọ́n bá níwájú ọ̀rọ̀ náà, "sístà".