Oṣù Kìíní ni ooru yín, kí ni súwẹ́tà ń wá lọ́rùn ọmọ?

Nínú oṣù Kìíní, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa mẹ́ta kó sínú mọ́tò ní Sydney, nílẹ̀ Australia tí à ń gbé. A gba Canberra lọ sí àwọn òkè Snowy, a tibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí àwọn ìlú etíkun ní gúúsù ìpínlẹ̀ New South Wales, a sì gba ẹ̀bá òkun padà sílé. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi fọ́tò sórí WhatsApp ẹbí, fọ́tò yẹn ló sì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn ọmọ ń lá áísíkiriìmù, òógùn bò wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ súwẹ́tà. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ti wà nínú òkun. Ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́. Ìbéèrè wọn àti ìdáhùn mi nìyí. Èébú tó wà láàárín nìkan ni mo yọ.

Ṣebí òtútù ló máa ń mú lókè òkun lásìkò Kérésì? Kí ló dé tí àwọn ará London ń gbọ̀n, tí ẹ̀yin ń làágùn?

London wà lápá àríwá ayé, àwa wà lápá gúúsù. Ayé kì í nàró ṣánṣán bó ṣe ń yí oòrùn ká. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nǹkan bíi dígírì 23. Tó bá di oṣù Kejìlá, apá tiwa ló dojú kọ oòrùn, ojúmọ́ á sì gùn ju wákàtí 14 lọ ní Sydney. Oṣù Kẹfà ló máa ń kan London.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé a sún mọ́ oòrùn ju London lọ ni. Rárá o. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni gbogbo ayé pátá máa ń sún mọ́ oòrùn jù lọ́dún, nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 147. London náà wà lórí ayé yẹn, òtútù sì ń pa wọ́n. Bí ìtànṣán ṣe ń balẹ̀ ló ṣe pàtàkì, bóyá ó dúró ṣánṣán lórí èèyàn ni tàbí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ohun tó rú èmi lójú jù nígbà tí mo kọ́kọ́ débí ni pé lọ́sàn-án gangan, apá àríwá ni oòrùn máa ń wà. Ẹni tó ń wá ilé gbé níbí á béèrè bóyá fèrèsé kọjú sí àríwá.

Ó dáa, mo ti gbà. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru ni, súwẹ́tà ńkọ́?

Òkè ló fà á. Mount Kosciuszko ló ga jù nílẹ̀ Australia, 2,228 mítà. (Ará Poland kan, Strzelecki, ló fún un lórúkọ náà lọ́dún 1840, ló jẹ́ kí ẹnu máa kọ́ gbogbo wa.) Afẹ́fẹ́ tó bá ń gòkè máa ń fẹ̀, torí pé ẹrù afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ ti dín kù. Bó ṣe ń fẹ̀ ló ń tutù. Ẹ ní kí fọganáísà àdúgbò yín tẹ ẹnu táyà kan kí afẹ́fẹ́ tú jáde sí yín lọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ó tutù. Ohun kan náà ni. Ní gbogbo 1,000 mítà téèyàn bá gùn, nǹkan bíi dígírì mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń lọ. Bí Canberra bá wà ní dígírì 32, orí òkè á wà ní nǹkan bíi 21, ká tó wá ka atẹ́gùn tó ń fẹ́ kíkankíkan mọ́ ọn.

Láti Thredbo, ìlú kékeré kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, àga tí wáyà ń fà ló gbé wa gòkè. Lẹ́yìn náà a fẹsẹ̀ rin kìlómítà mẹ́fà ààbọ̀ lórí ọ̀nà onírin tí wọ́n gbé kúrò nílẹ̀ kí bàtà má baà tẹ koríko òkè náà pa. Nínú kòtò kan, àbígbẹ̀yìn mi rí yìnyín tó ṣẹ́ kù láti ìgbà òtútù. Kò ju ẹní ìjókòó kan lọ, ó sì dọ̀tí. Ó bu díẹ̀ sínú ọ̀rá pé òun á gbé e dé Sydney. Ká tó padà dé ìdí àga, omi ló ń jò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣàsọdùn, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni Penrith wà, níbi tí ooru ti dé dígírì 48.9 ní 4 oṣù Kìíní 2020. Inú rẹ̀ náà ni Charlotte Pass wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kosciuszko yẹn, níbi tí òtútù ti já wálẹ̀ dé 23 lábẹ́ òdo ní 29 oṣù Kẹfà 1994.

Nínú fídíò ọjọ́ kẹta, koríko gbẹ pátápátá, kò pẹ́ sí i igbó tutù yọ̀yọ̀. Ṣé ọjọ́ kan náà ni?

Ọjọ́ kan náà, kò tiẹ̀ tó wákàtí kan. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Monaro ni ibi tó gbẹ yẹn, àgùntàn nìkan ló pọ̀ níbẹ̀. Nimmitabel tó wà létí rẹ̀ ga ju 1,000 mítà lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà ya sísàlẹ̀ ní Brown Mountain, kọ́nà lórí kọ́nà, títí dé Bega tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú òkun. Etí gbogbo wa dí. Ìbàdàn lọkọ mi ti kọ́ mọ́tò, apá ọ̀tún ló sì mọ̀ látilẹ̀ (Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì láti 2 oṣù Kẹrin 1972), àmọ́ apá òsì la fi ń wakọ̀ níbí. Ó fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mọ́tò kan tó wà níwájú wa tẹ bíréèkì títí tó fi ń rùn.

Afẹ́fẹ́ táyà yẹn náà ló fa ọ̀rọ̀ koríko. Atẹ́gùn tó ti òkun wá á kọlu òkè, á gòkè, á tutù, omi inú rẹ̀ á sì rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Ẹ̀gbẹ́ òkun lòjò yẹn ń rọ̀ sí, ìyẹn ni màlúù fi ń jẹun yó ní Bega tí wọ́n fi ń ṣe wàràkàṣì. Kó tó dé Monaro, ó ti gbẹ. Àwọn òkè Snowy tún dínà òjò tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Àárín olówó méjì ni Monaro wà, kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́bọ̀.

Wọ́n ní ìlú kan wà lábẹ́ omi níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Jindabyne àtijọ́ wà lábẹ́ adágún. Odò Snowy máa ń gba ìlà oòrùn lọ sókun, àmọ́ ìwọ̀ oòrùn ni àwọn àgbẹ̀ ti ń wá omi. Láti 1949 dé 1974, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 100,000, láti orílẹ̀-èdè tó ju 30 lọ, sé odò, wọ́n dá ihò gba abẹ́ òkè, wọ́n darí omi náà sọ́hùn-ún, wọ́n sì ń fi rí iná mànàmáná lójú ọ̀nà. Wọ́n kó àwọn ará Jindabyne lọ sókè ná, kí omi tó bo ilé wọn lọ́dún 1967.

Kí wá ni àsíá méjì tó wà létí òkun, tí gbogbo èèyàn kó jọ sáàárín rẹ̀ bíi pé kò síbòmíì?

Pupa àti yẹ́lò ni. Àwọn tó ń yọ ẹni tó bá fẹ́ rì ló ń rì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń ṣọ́ àárín rẹ̀. Ibi tí omi ti dákẹ́ láàárín ìgbì, tójú ń rí bí ibi tó rọrùn, ni omi sábà máa ń gbà padà sí agbami, ó sì lè gbé èèyàn lọ. Ẹni tó bá kó sí i kò gbọ́dọ̀ bá a jà. Kó jẹ́ kó gbé òun, kó na ọwọ́ sókè. Àkọ́bí mi fẹ́ lọ síbi tó dákẹ́ yẹn ní Tathra, ìlú etíkun kan nítòsí Bega. Bàbá wọn fi súwẹ́tà rẹ̀ sórí iyanrìn, ó ní ibi tó wà yẹn ni kó mọ.