Withdrawal period: ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí màlúù tó di ẹran ọbẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ń sin màlúù, ẹ gbé ọ̀kan nínú ìgò oògùn tó wà nílé yín, oxytetracycline tó ń pa kòkòrò àrùn ni o, ivermectin tó ń lé aràn ni o, pẹnisílìn ni o, kẹ́ ẹ yí i síbi tí lẹ́tà wínníwínní wà. Ẹ máa rí i níbẹ̀, withdrawal period, ẹran ọjọ́ báyìí, wàrà ọjọ́ báyìí. Ibẹ̀ yẹn lọ̀pọ̀ wa kì í kà, torí ẹni tó di síríǹjì mú ti mọ iye mílì tó fẹ́ fún un, kí màlúù ṣáà dìde ló ń wá. Nọ́ńbà yẹn ò sì kan màlúù rárá, èmi àtẹ̀yin tá a máa jẹ ẹ́ ló kàn.

Ohun tó túmọ̀ sí ò le. Iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá látìgbà tí màlúù gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn kí wọ́n tó lè pa á jẹ, tàbí kí wọ́n tó lè fún wàrà ẹ̀ fún èèyàn mu, òun nìyẹn. Ìkẹyìn ni mo sọ o. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta léraléra lẹ fi fún un, ọjọ́ kẹta lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́. Ká ní ìgò sọ pé ọjọ́ 28, tí abẹ́rẹ́ ìkẹyìn sì bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, ọjọ́ 31 oṣù yẹn ló tó pé.

Kí wá ló dé tá a fi ń dúró tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri ara, ẹ̀dọ̀ á máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kíndìnrín á máa sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ sì ń lọ. Ẹ ro ti korobá omi kan tẹ́ ẹ̀ ń bu ìdajì ohun tó kù nínú ẹ̀ dànù lójoojúmọ́, 100 á di 50, 50 á di 25, 25 á di 12 àbọ̀, kò ní gbẹ bọ̀rọ̀, àmọ́ ó máa dé ibì kan tó jẹ́ pé ohun tó kù nísàlẹ̀ ò lè pa ẹnikẹ́ni lára mọ́. Ìgbìmọ̀ Codex tó ń ṣe ìlànà oúnjẹ, tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jọ dá sílẹ̀, fi nọ́ńbà síbi tí ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Fún oxytetracycline, kílò ẹran kan ò gbọ́dọ̀ ní ju 200 màíkírógíráàmù lọ, ẹ̀dọ̀ 600, kíndìnrín 1,200, lítà wàrà kan 100. Tẹ́ ẹ bá pín gíráàmù kan ṣoṣo sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni màíkírógíráàmù. Ẹ wo bí ti kíndìnrín ṣe ga ju ti ẹran lọ, ojú ọ̀nà tí oògùn ń gbà jáde ló wà, ibẹ̀ ló ń kó jọ sí jù. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù.

Oògùn kan náà tún lè ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra. Oxytetracycline tí àwọn darandaran ń pè ní LA, ìyẹn long acting, èyí tó ń pẹ́ lára, tó máa ń wà ní 20%, wọ́n ṣe é kó lè jókòó sínú ẹran ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé, kó máa jò sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kẹ́ni tó ń tọ́jú màlúù má baà máa gún un lójoojúmọ́. Ohun tó dáa ni fún màlúù náà, ta ló fẹ́ kí wọ́n máa gún òun láràárọ̀? Àmọ́ bó ṣe ń pẹ́ lára náà ló ń pẹ́ kó tó tán, ọjọ́ 28 ni wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ nínú wọn fún ẹran. Mílì kan fún kílò mẹ́wàá ni wọ́n ń fún un, màlúù tó bá wọn 300 kílò máa gba 30 mílì, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gún ju mílì 10 lọ síbì kan. Àwọn tó ń da gbogbo ẹ̀ sí ìdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, alápatà ló máa bá a níbẹ̀, ẹran tí àwọ̀ ẹ̀ ti yí padà. Ọrùn ló yẹ kí wọ́n gún un sí. Tẹ́nì kan bá wá sọ pé ara màlúù òun le, kó sì fún un ní ìlọ́po méjì, nọ́ńbà ara ìgò ò wúlò fún un mọ́, torí iye tí wọ́n ní ká lò ni wọ́n fi ka ọjọ́ yẹn. Màlúù tí omi ti gbẹ lára ẹ̀, tí kíndìnrín ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa, náà á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù rèé. Màlúù ń ṣàìsàn, wọ́n gún un láàárọ̀, kò dìde, wọ́n tún gún oògùn mìíràn mọ́ ọn nírọ̀lẹ́, nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n ránṣẹ́ pe alápatà pé kó wá pa á kó tó kú. Ó yé mi o, owó ńlá ló wà lórí ìdúró yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ pé ìyẹn gan-an lowó ilé ìwé ọmọ. Àmọ́ ẹran yẹn ti kún fún oògùn, ó sì ń lọ sọ́jà. Ká má wá torí ìyẹn sọ pé ká má tọ́jú màlúù tó ń ṣàìsàn, ìyẹn tún burú jù, ẹranko tó ń jẹ̀rora lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú. Kí dókítà ẹran wò ó kí wọ́n tó fa oògùn, tó bá rí i pé kò lè yè é, kó sọ ọ́, kí wọ́n má gún un rárá, kí àwọn tó ń yẹ ẹran wò níbi ìpẹran wá sọ bóyá ó ṣeé jẹ. Tí wọ́n bá sì gún un, kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn, kí wọ́n kọ ọjọ́ ẹ̀ sínú ìwé.

Wàrà tún nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe yógọ́ọ̀tì pẹ̀lú wàrà tí pẹnisílìn wà nínú ẹ̀, kì í dì dáadáa, torí oògùn á ti pa kòkòrò tó yẹ kó mú un kan, ẹni tó ń ṣe é á mọ̀ pé nǹkan ṣe wàrà yẹn. Wàrà tiwa tí ìyá Fúlàní ń gbé kiri ò rí bẹ́ẹ̀, omi ewé bomubómu ló ń mú un dì, ewé yẹn ò sì mọ̀ bóyá oògùn wà níbẹ̀. Á dì, á funfun, á dùn lẹ́nu. Gbígbóná ò sì gbé oògùn tán, sísè máa ń dín àwọn kan kù, nínú ẹran ẹ̀wẹ̀ òmíràn á kàn bọ́ sínú omi ọbẹ̀ ni. Ara ẹni tí pẹnisílìn ń bá jà lè tibẹ̀ dàrú, kòkòrò àrùn náà á sì máa mọ oògùn lára títí tí kò fi ní ràn wọ́n mọ́.

Àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé kò sí iye ọjọ́ tó tó fún wọn. Chloramphenicol, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, lè ba ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde nínú mùdùnmúdùn eegun èèyàn jẹ́, bó ti wù kó kéré tó, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Yúróòpù fi lé e kúrò lára ẹran jíjẹ lọ́dún 1994.

Tẹ́nì kan bá sì ń rò pé ìwọ̀nba tó kù lára òkú màlúù ò lè ṣe nǹkan kan, kó wo igún ilẹ̀ Íńdíà. Wọ́n ń fún màlúù ní diclofenac, oògùn ìrora táwa náà ń lò, èyí tó bá kú, igún á jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á sì bà jẹ́. Oríṣi igún kan tó pọ̀ bí eṣinṣin níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dín kù ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọdún 2004 làwọn onímọ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde, ọdún 2006 ni Íńdíà fòfin de diclofenac fún ẹran, meloxicam ni wọ́n ní kí wọ́n máa lò dípò.

Fún àwọn tó ń múra Iléyá, tẹ́yin méje fẹ́ dáwó ra màlúù kan, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè pé abẹ́rẹ́ wo ló gbà kẹ́yìn, ọjọ́ wo. Ivermectin tí wọ́n fi ń lé aràn àti eégbọn, ọjọ́ 35 ni wọ́n kọ sára púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún. Ẹni tó fẹ́ kí màlúù òun dán fún Iléyá, kó ka 35 sẹ́yìn látọjọ́ ọdún, kó fún un ṣáájú ìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń ra oògùn, ẹ gba bébà kékeré tó wà nínú páálí, ẹ má fi í sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, torí ara ìgò mìíràn ò gba gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, inú bébà ni wọ́n kọ ọjọ́ ẹ̀ sí.