Tọpọ́lọ́jì nínú físíìsì: ìṣẹ̀lẹ̀ Hall ti kúáńtọ́ọ̀mù

Bí iná mànàmáná bá ń gba òòró irin pẹlẹbẹ kan kọjá, tí òòfà sì dojú kọ irin náà, fọ́ltéèjì máa ń yọ ní ìbú rẹ̀. Edwin Hall ló rí èyí ní 1879. Tí a bá fi iye iná tó ń ṣàn pín fọ́ltéèjì ìbú náà, ohun tí a rí ni ìdènà Hall.

Ní oṣù Kejì 1980, Klaus von Klitzing, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ń wọn ìdènà yìí nínú transistor silicon ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ há sí ìpele tín-ín-rín kan, òtútù rẹ̀ sún mọ́ kelvin 1.5 (òtútù tó le gidigidi), òòfà rẹ̀ sì lé ní tesla 15 (òòfà tó lágbára gan-an). Bó ṣe ń fi kún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìdènà Hall kò dín kù gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́; ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Orí ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25,812.807 ohm tí a fi odidi nọ́ńbà pín. Ìdènà ti òòró fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo níbẹ̀. Èyí ni à ń pè ní ìṣẹ̀lẹ̀ Hall ti kúáńtọ́ọ̀mù; von Klitzing gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1985.

Ohun ìyanu ni pé ìdọ̀tí inú silicon àti bí wọ́n ṣe gé e kò yí iye náà padà. Tọpọ́lọ́jì, ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo ohun tí kì í yí padà bí a bá tẹ nǹkan tàbí fà á láìya á, ló ṣàlàyé rẹ̀. Èèyàn lè tẹ ìṣù amọ̀ di àwo láìya á, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di òrùka láìlu ihò sí i. Iye ihò kì í sì í jẹ́ ìdajì. Ní 1982, àwọn onímọ̀ físíìsì Thouless, Kohmoto, Nightingale àti den Nijs fi hàn pé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni odidi nọ́ńbà tó ń pín iye òkè yìí. Nọ́ńbà Chern ni, ó sì ń ka bí ìgbì ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe lọ́ jálẹ̀ gbogbo mòmẹ́ńtọ́ọ̀mù. Kò lè yí padà àfi tí àlàfo agbára, ìyẹn àyè agbára tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan kò lè wà, bá pa dé. Nítorí pé òdo ni nọ́ńbà Chern ìta, àlàfo náà gbọ́dọ̀ pa dé létí: etí ni iná ń gbà, lọ́nà kan ṣoṣo, láìsí ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè ṣẹ́rí sí.

Ìdọ̀tí tilẹ̀ wúlò. Òun ló ń dá àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan dúró sójú kan, tí ìpele fi fẹ̀ tó ohun tí a lè wọ̀n.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣètò òṣùwọ̀n, gallium arsenide, èròjà kan tó jọ silicon, ni wọ́n sábà ń lò, lórí ìpele kejì, 12,906.4 ohm, pẹ̀lú òòfà bíi tesla 10. Graphene, àwọ̀ carbon tó tín-ín-rín bí átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, kò nílò òòfà tó tó bẹ́ẹ̀. Bí ooru bá pọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á fo àlàfo. Bí iná bá pọ̀ jù, ìpele á dàrú lójijì. Ojú ìso wáyà tí kò dára náà ń ba ìwọ̀n jẹ́. Nítorí náà, ìdènà òòró ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò: tí kò bá sún mọ́ òdo, a kì í gba ìdènà Hall gbọ́. Láti 20 oṣù Karùn-ún 2019 ni iye 25,812.807… ti di èyí tí kò ní àṣìṣe ìwọ̀n kankan, nítorí pé h/e² ni iye náà, wọ́n sì ti fìdí iye h (nọ́ńbà Planck) àti e (iye iná tó wà lára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan) múlẹ̀.

Onímọ̀ físíìsì Duncan Haldane fi ìṣirò hàn ní 1988 pé nọ́ńbà Chern lè wà láìsí òòfà láti ìta. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà rí i ní 2013 nínú àwọ̀ tín-ín-rín bismuth, antimony àti tellurium tí wọ́n fi chromium sí, nínú òtútù tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá kelvin. Thouless, Haldane àti onímọ̀ mìíràn, Kosterlitz, gba Nobel ní 2016 lórí iṣẹ́ tọpọ́lọ́jì nínú físíìsì. Ti ìpele onídàá, bíi 1/3, tí Tsui àti Störmer rí ní 1982, yàtọ̀: bí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń ti ara wọn ló ń fà á, nọ́ńbà Chern ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan kò sì tó láti ṣàlàyé rẹ̀.